Kókó ọmú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ: kí ni ká jẹ, kí ni ká fi sílẹ̀?

Àdùnní_Parakin

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún 23 ni mí, iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́ ní Parakin níbí n'Ífẹ̀. Mo ní kókó kan nínú ọmú òsì. Mo ti lọ sílé ìwòsàn. Dókítà fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ṣe scan, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Fibroadenoma ni wọ́n kọ sínú ìwé. Wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kí wọ́n wò ó bóyá ó ń dàgbà.

Ohun tó ń dà mí láàmú báyìí kì í ṣe kókó náà mọ́, ẹnu àwọn èèyàn ni. Ọ̀gá mi ní kí n má jẹ ẹ̀pà mọ́, pé òróró inú rẹ̀ ló ń dì sínú ọmú. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹyin ni. Àǹtí mi ní ṣúgà ni, ó ti gba Milo lọ́wọ́ mi. Aládùúgbò wa ní ẹ̀wà ni, torí pé ẹ̀wà máa ń wú. Tí mo bá tẹ̀ lé gbogbo wọn, ẹ̀kọ gbẹrẹfu àti omi ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé oúnjẹ ló fà á lóòótọ́? Kí ni mo lè máa jẹ tí kò fi ní pọ̀ sí i? Mo tún ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ọdún 12, mi ò fẹ́ kó kan òun náà.

Ìyá_Alákàrà_Ọjà_Tìtun

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. A dúpẹ́ pé kì í ṣe òmíràn. Ẹni tó ní ẹ̀wà ló ń wú ọmú, kó wá wo èmi tí mò ń lọ ẹ̀wà láràárọ̀ tí mo sì ń jẹ nínú àkàrà mi kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé. Mi ò ní kókó kankan.

Ti tèmi ni pé tí nǹkan oṣù bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan, ọmú méjèèjì á wúwo, á máa ro mí débi pé mi ò ní lè dojú bolẹ̀ sùn. Tó bá ti dé báyìí, ó parí nìyẹn. Wọ́n ní kí n fi obì sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀, ó sì jọ pé ara fúyẹ́ díẹ̀, àmọ́ mi ò lè fi ìyẹn búra. Nọ́ọ̀sì wa ti Iléṣà dà? Ẹ bá wa dá sí i mà.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì_Iléṣà

Mo wà ńbí. Àdùnní, o ti gba ọ̀dọ̀ dókítà kọjá kí o tó wá béèrè oúnjẹ, ìwà yẹn wù mí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó máa ń bà mí nínú jẹ́ jù ni àwọn tó ti gbààwẹ̀ ṣúgà, tí wọ́n ti mu oríṣiríṣi, tí wọ́n ti fi òróró àdúrà pa ọmú títí, kó tó di pé wọ́n rántí ilé ìwòsàn. Ẹni tí kókó rẹ̀ bá jẹ́ irú ti Àdùnní, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó mú un jẹ. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ jẹjẹrẹ, àkókò tó yẹ kí wọ́n fi gbà á là ló ń jẹ lọ. Ta ló sì fẹ́ fi ojú lásán mọ èyí tí í ṣe?

Kókó inú ọmú pọ̀ ní irú, èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Irú ti Àdùnní, àwọn ọmọge láti bí ọdún 15 sí 35 ló sábà máa ń ní in, àwa aláwọ̀ dúdú sì ń ní in ju àwọn òyìnbó lọ. Ó dán, kì í sábà dunni, tí ìka bá kàn án, á yẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó ń darí rẹ̀ ni họ́mọ́ọ̀nù obìnrin: ó lè tóbi sí i nínú oyún, ó sì sábà máa ń sún kì tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró pátápátá. Tí abẹ́rẹ́ bá ti fi hàn pé òun ni, tí kò sì tóbi, ọ̀pọ̀ dókítà kì í yọ ọ́, wọ́n á máa ṣọ́ ọ ni. Tó bá ń yára dàgbà, tàbí tó ti tó bíi sẹ̀ǹtímítà 3, tàbí tí ọkàn ẹni tó ni ín kò balẹ̀, wọ́n á yọ ọ́.

Ti Ìyá Alákàrà, èyí tó ń bá nǹkan oṣù wá tó sì ń bá a lọ, àwọn tó wà láàárín ọdún 30 sí 50 ló wọ́pọ̀ fún. Nígbà míì, omi ló máa ń gbára jọ sínú àpò kéékèèké nínú ọmú. Tí àpò kan bá tóbi tó ń dunni, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fa omi náà jáde.

Ó ku irú kan tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Láàárín àwọn tí kì í ṣe jẹjẹrẹ náà, ó ní èyí tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ti ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí wọ́n bá kàn ń pọ̀ tí ìrísí wọn kò yí padà, ewu jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú lè tó ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì ti ẹlòmíì. Tí ìrísí wọn bá ti ń yí padà, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń kọ ní atypical hyperplasia, ó ń lọ sí ìlọ́po 4. Èyí tí kò ní ìkankan nínú méjèèjì, ẹni tó ní in kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ gba ìwé àbájáde yín, ẹ bi dókítà pé èwo ni tèmi, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí.

Wàyí o, oúnjẹ. Kò sí oúnjẹ kan tí dókítà lè nawọ́ sí pé òun ló kó kókó sí Àdùnní lára, kò sì sí èyí tó lè yọ́ ọ. Òróró ẹ̀pà kì í rìn láti ẹnu lọ dì sínú ọmú. Ikùn ló ń lọ, ibẹ̀ ni ara ti ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wà tó ń wú nínú ìkòkò, omi ló ń mu. Ẹ fún ọmọ náà ní Milo rẹ̀ padà.

Fún ẹni tó bá ń ka èyí tí kò tíì lọ: Wesley Guild wà l'Iléṣà, ilé ìwòsàn ńlá sì wà n'Ífẹ̀, abẹ́ OAUTHC kan náà, ìyẹn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni méjèèjì wà.

Ọmọ_Ọbòkun

Ẹ kú làálàá mà. Ọkùnrin ni mí, ẹ dákun, ẹ fún mi láyè. Ọmú máa ń ro ìyàwó mi bíi ti Ìyá Alákàrà yẹn. Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun sọ fún un pé kó jáwọ́ nínú kọfí. Kò mu kọfí rí láyé rẹ̀! Àmọ́ ó fẹ́ràn obì, kò sì lè ṣe kó má mu kòkó láàárọ̀. Àwa tó jẹ́ pé kòkó àti obì ni bàbá wa fi rán wa níwèé, ṣé ká fi oko sílẹ̀ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́_Káńpọ́ọ̀sì

Bọ̀dá, ẹ má fi oko sílẹ̀ o. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni mò ń kà, mo sì ti wá ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí nítorí ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀rọ̀ kọfí yẹn pẹ́. Lọ́dún 1979, Dókítà Minton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio, l'Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé àwọn obìnrin tó jáwọ́ nínú kọfí, tíì, kóòkì àti ṣokoléètì, kókó ọmú wọn rọlẹ̀. Caffeine, ìyẹn èròjà inú kọfí tó ń lé oorun lọ, àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n fura sí. Obì ní caffeine gan-an. Ti kòkó kéré, theobromine tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Kọnu-n-kọhọ ibẹ̀ ni pé àwọn obìnrin náà kéré níye, wọn kò sì fi kèké yan ẹni tó máa jáwọ́ àti ẹni tí kò ní jáwọ́ kí wọ́n lè fi wọ́n wéra dáadáa. Ọmú tó ń bá oṣù wá tó ń bá a lọ, ó lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a fi nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí àwọn míì wá ṣe é lọ́nà tó gún régé lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó nǹkan, àwọn kan kò tilẹ̀ rí ìkankan. Àmọ́ ìmọ̀ràn ti wọ àwọn dókítà lẹ́nu, kò sì tíì jáde títí di òní.

Tí ìyàwó yín bá fẹ́ dán an wò, kó fi obì sílẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, kó máa sàmì sí kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tó bá ń ro ó. Tí kò bá rí ìyàtọ̀, kó máa jẹ obì rẹ̀ lọ.

Ẹ̀pà ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ohun tí ọ̀gá Àdùnní sọ, ìdàkejì rẹ̀ gan-an ni ìwádìí ń sọ. Láti 1996, wọ́n tọ àwọn ọmọbìnrin tó lé ní 9,000 lẹ́yìn l'Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí wọ́n wà láàárín ọdún 9 sí 15. Títí di 2001, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n tún bi wọ́n bóyá dókítà ti rí àrùn ọmú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ lára wọn. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, tàbí àwọn èso bí ẹ̀pà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà èwe wọn, àrùn yìí fi ìdá 39 nínú 100 dín lọ́dọ̀ wọn sí ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Àwọn tí jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ìdílé wọn náà rí àǹfààní yìí. Ó jọ pé ẹ̀wà, sóyà àti àgbàdo náà ń ṣe dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí tiwọn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. 2013 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ìwádìí míì tún wà lórí àwọn nọ́ọ̀sì tó lé ní 116,000, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn rántí ohun tí wọ́n ń jẹ nígbà tí wọ́n wà ní girama. Àwọn tí oúnjẹ wọn ní fáíbà jù, ìyẹn okùn inú èso, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà tí inú kì í fọ́ tán, irú èyí tí sẹ́ẹ̀lì ń pọ̀ tí nọ́ọ̀sì wa sọ lẹ́ẹ̀kan fi ìdá 25 nínú 100 dín lọ́dọ̀ wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sáré lọ ra ẹ̀pà. Ẹ rọra. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lè jẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ ń tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ dáadáa lápapọ̀. Ìwádìí irú èyí kò lè sọ pé ẹ̀pà nìkan ló ṣe é. Ohun tó fi dá mi lójú ni pé kò sí ìdí kankan tí Àdùnní á fi sá fún un.

Tìsà_Mọ́dákẹ́kẹ́

Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Wọn ò dárúkọ ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúgúrú, àṣé ọlá rẹ̀ ṣì ń bọ̀!

Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama, ohun tó hàn sí mi nínú ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ọjọ́ orí. Àwọn ọmọ ọdún 9 sí 15 ló ń wí. Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń rà lẹ́nu géètì wa nígbà ìsinmi: bísíkíìtì, ìndómì gbígbẹ tí wọ́n fọ́ tí wọ́n da èròjà rẹ̀ lé, àti omi aláwọ̀ pupa inú ọ̀rá. Ìyá tó ń se mọ́ínmọ́ín tẹ́lẹ̀ ti kó kúrò, wọ́n ní kì í tà á tán mọ́. Àdùnní, àbúrò rẹ ló yẹ kí o fi ọkàn sí nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí ju ara rẹ lọ. Di ẹ̀pà tàbí àgbàdo sísè fún un nílé.

Ó sì ku ọsàn. A máa ń bẹ́ ẹ lórí, a fún omi rẹ̀ sẹ́nu, a ju ìyókù sínú gọ́tà. Ìyókù yẹn ni fáíbà. Ẹ jẹ́ ká bó ọsàn, ká jẹ ẹran inú rẹ̀ tẹnutẹnu, yálà ó dùn tàbí kò dùn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Káńpọ́ọ̀sì

Tìsà, ẹ ṣeun. Ohun kan kù tí mo fẹ́ sọ, òun ló sì le jù. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án yẹn kan náà, nígbà tí wọ́n wà láàárín ọdún 16 sí 23, wọ́n bi wọ́n léèrè ọtí. Àwọn tó ń mu ún ní ọjọ́ 6 tàbí 7 lọ́sẹ̀, ewu àrùn ọmú yìí lọ́dọ̀ wọn jẹ́ ìlọ́po 5 àti ààbọ̀ ti àwọn tí kì í mu ún tàbí tí mímu wọn kì í tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń mu ún ní ọjọ́ 3 sí 5, ìlọ́po 3. 2010 ni èyí jáde. Ọtí sì wà lára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ọmú gan-an, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú.

Mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ mi tí kò gbà pé àwọn ń mutí. Wọn kì í mu bíà. Bitters inú ọ̀rá kékeré ni, tàbí paraga tí wọ́n ní ó ń fọ inú, tó ń lé inú rírun nǹkan oṣù lọ. Ọtí ni. Ewé tó wà nínú rẹ̀ kò sọ ọ́ di omi.

Alágbo_Odò_Ògbè

Mo ti mọ̀ pé ẹ máa kan wa. Kí scan tó dé, ta ló ń tọ́jú ìyá tó bí ìyá yín? Ọ̀pọ̀ tó wá bá mi pẹ̀lú ọmú ríro, ara wọn balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ewé, ṣé ẹ mọ orúkọ mẹ́wàá nínú wọn?

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì_Iléṣà

Ìyá Alágbo, mo kí yín. Ọmọ alágbo ni èmi náà, ewé kọ́ ni mò ń bá jà. Ohun tí mò ń bá jà ni gbẹ́rẹ́ tí wọ́n ń sín sórí kókó, àti ewé gbígbóná tí wọ́n ń dì mọ́ ọmú títí awọ fi ń bó. Tí awọ bá ti ya, tí kòkòrò bá wọlé, á ṣọyún. Nígbà tí onítọ̀hún bá wá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò ní rọrùn mọ́ láti mọ èyí tó jẹ́ kókó àti èyí tó jẹ́ egbò. Mo ti rí i ju bó ṣe yẹ kí n rí i lọ.

Ọmú tó ń ro nítorí nǹkan oṣù, ó ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá mu àgbo lánàá, tí nǹkan oṣù dé lónìí, àgbo ló máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alágbo_Odò_Ògbè

Omi ni mo fi ń se tèmi, kì í ṣe ọtí, mi ò sì sín gbẹ́rẹ́ sí ọmú ẹnikẹ́ni rí. Ó dáa, ẹni tó bá bá mi wá nítorí kókó, màá ní kó kọ́kọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó mú ìwé wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ bá àwọn nọ́ọ̀sì yín sọ̀rọ̀, kí wọ́n yéé jágbe mọ́ àgbàlagbà lórí ìlà. Ohun tó ń lé àwọn èèyàn wá sọ́dọ̀ wa nìyẹn, kì í ṣe àìmọ̀wé.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì_Iléṣà

Mi ò lè jà yín níyàn lórí ìyẹn.

Alábòójútó

Ẹ jọ̀wọ́, mo ti pa ọ̀rọ̀ ẹni tó wá polówó kápúsù "ayọ́kókó" rẹ́, mo sì ti tì í síta. Ẹni tó bá tún fi nọ́ńbà báńkì síbí á bá a lọ.

Àǹtí_Kọ́mú_Sábó

Ẹ ṣé, Alábòójútó. Àwọn oníbàárà mi ń fi owó gidi ra irú kápúsù bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní evening primrose oil, òróró irúgbìn òdòdó kan, ńkọ́, àti fítámì E? Wọ́n ní dókítà náà ń kọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Káńpọ́ọ̀sì

Wọ́n ń kọ ọ́ lóòótọ́, pàápàá láyé ìjọ́un. Nígbà tí wọ́n wá kó gbogbo ìwádìí tó dára lórí evening primrose oil jọ, kò sàn ju kápúsù òfìfo lọ fún ọmú tó ń ro. Fítámì E, ẹ̀rí rẹ̀ kò dúró lójú kan. Àǹtí, ohun tí ẹ̀yin ń tà gan-an ló ń ṣiṣẹ́: kọ́mú tó bá ara mu, tó gbé ọmú dúró dáadáa, máa ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ obìnrin.

Àǹtí_Kọ́mú_Sábó

Háà, mo gbọ́ ire! Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un nígbà náà. Ìdajì àwọn tó ń wá bá mi ni kò mọ ìwọ̀n wọn. Okùn èjìká kọ́ ló yẹ kó gbé ẹrù, bẹ́líìtì tó yí àyà po ni. Tí okùn bá ń kọ ilà sí ẹ léjìká, tí ẹ̀yìn sì ń sún gòkè, bẹ́líìtì yẹn ti fẹ̀ jù nìyẹn. Ẹ sì jẹ́ kí ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìlódè

Ẹ jọ̀ọ́, mò ń fún àwọn ìbejì lọ́mú, ibì kan le gbagidi nínú ọmú ọ̀tún láti àná, ó pupa, ó gbóná, ibà sì ń ṣe mí. Ìyá ọkọ mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo jẹ ni. Ó ní kí n má fi ọmú yẹn sẹ́nu wọn mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì_Iléṣà

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́. Omi ọmú ló há, ó sì lè jẹ́ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Má dá ọmú yẹn dúró o, tí o bá dá a dúró á tún le sí i. Máa fún wọn bó ṣe ń wù wọ́n, kí o sì lọ sílé ìwòsàn ní àárọ̀ ọ̀la, má jẹ́ kó di ọ̀tunla, torí ibà yẹn. Wọ́n lè fún ọ ní oògùn tí kò ní pa àwọn ọmọ lára. Tó bá di ọyún, wọ́n á ní láti fà á, ìyẹn la ò fẹ́.

Àdùnní_Parakin

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún àǹtí mi, Milo ti padà. Ìbéèrè méjì ló kù fún Màmá Nọ́ọ̀sì: ṣé kí n dín òróró kù nínú ọbẹ̀? Kí sì ni kí n máa ṣọ́ lára ọmú yìí kí oṣù mẹ́fà tó pé?

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì_Iléṣà

Dín in kù nítorí ọkàn rẹ, má ṣe é nítorí ọmú. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè túmọ̀ rẹ̀ dáadáa jù mí lọ, àmọ́ wọ́n ti fún àwọn obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún l'Amẹ́ríkà ní oúnjẹ tí òróró rẹ̀ kéré fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú ìwádìí tí wọ́n kó obìnrin tó lé ní 48,000 sí. Kò dín irú kókó tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pọ̀ kù. Jẹ ohun tí ilé yín ń jẹ. Jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, èyí tí apá bá ká. Jẹ ẹ̀wà rẹ. Ẹyin ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Iyán náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o fi iyán sílẹ̀, bi í léèrè ẹni tó bí i.

Ní ti ṣíṣọ́, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti tán ni kí o fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé ọmú ti rọ̀ nígbà yẹn. Má ṣe é lójoojúmọ́, wàá kàn kó ìpayà bá ara rẹ ni. Tó bá ń tóbi kíákíá, tó bá di èyí tí kò yẹ̀ mọ́ tí o bá fọwọ́ tì í, tí awọ orí rẹ̀ bá rí bí èèpo ọsàn tàbí tó fà wọnú, tí orí ọmú bá yí sínú, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde níbẹ̀, tàbí tí kókó míì bá yọ ní abíyá, má dúró de oṣù mẹ́fà.

Ẹlẹ́pà_Lágere

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń kàwé yín láti àárọ̀ nídìí àtẹ. Ẹ ti bá mi polówó ọjà, Ọlọ́run á san án fún yín. Àmọ́ nítorí Ọlọ́run náà, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí: ẹ̀pà tó bu kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ̀pà tí òjò pa nínú àpò tàbí tí wọn kò sá dáadáa, èbu máa ń hù lára rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Káńpọ́ọ̀sì

Òótọ́ ni, ó sì lágbára. Èbu yẹn ló ń mú májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin jáde, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Yíyan ẹ̀pà lórí iná kì í pa gbogbo rẹ̀. Ṣíṣà ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹlẹ́pà_Lágere

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣà á. Mo máa ń da á sórí atẹ funfun lójú mọ́mọ́, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Èyí tó sún kì, tó dúdú, tó ní àwọ̀ ewé tàbí tó ní lẹ́búlẹ́bú lára, mo ń sọ ọ́ nù, mi ò kì í fún adìyẹ pàápàá. Èyí tó là sí méjì tó sì pọ́n láàárín, bẹ́ẹ̀ náà. Tí ẹ bá ju ẹyọ kan sẹ́nu tó korò, ẹ tutọ́ rẹ̀ dànù, ẹ má fi tẹnutẹnu gbé e mì torí owó. Ìgbà òjò ni kí ẹ ṣọ́ra jù. Ẹ ra ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ tán, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ má fi sílẹ̀ sínú ọ̀rá lórí sìmẹ́ǹtì.

Àdùnní_Parakin

Ẹ ṣé mà. Kúlíkúlí ńkọ́? Òun ni àbúrò mi fẹ́ràn jù, ó máa ń dà á sínú gààrí.

Ẹlẹ́pà_Lágere

Wọ́n ti fún òróró rẹ̀ jáde, wọ́n sì tún fi òróró dín in, àmọ́ ẹ̀pà ṣì ni. Ibi tó ti le ni pé wọ́n ti lọ̀ ọ́, ẹ ò lè rí ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣe é mọ́. Àwọn kan ń kó èyí tí àwa ṣà dànù lọ fún un. Ẹni tí o bá mọ̀ pé ó ń ṣà á ni kí o rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tí o bá dé Lágere, béèrè mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì, màá mú ọ lọ bá obìnrin kan tó ń ṣe é lójú wa.